Ìsédò Kainji: Ta Ló San Owó Iná Tí A Fi Ń Kàwé Lálẹ́?

 

Ní sáà yìí, nínú iṣẹ́ Jọ́gíráfì, a kà nípa ìsédò ńlá kan ní ilẹ̀ Íńdíà tí wọ́n ń pè ní Tehri. Orí odò Bhagirathi ni wọ́n kọ́ ọ sí, ọ̀kan lára àwọn odò tó para pọ̀ di odò Ganges. Gíga rẹ̀ lé ní mítà 260, òun ló sì ga jù ní gbogbo Íńdíà. Láti ọdún 2006 ló ti ń mú iná wá. Bí a ṣe ń jíròrò rẹ̀ lọ, ẹnì kan nínú kíláàsì wa béèrè pé, "Àwa ńkọ́? Ṣé àwa ò ní irú ẹ̀ ni?" A ní o! A ní Kainji, a ní Jebba, a ní Shiroro. Ìdí nìyẹn tí mo fi gbà láti kọ ẹ̀kọ́ oṣù yìí fún ìwé ìròyìn ẹgbẹ́ wa.

Mo fẹ́ ká mọ bí omi ṣe ń di iná, ká mọ bí Kainji ṣe dé, ká sì mọ àwọn tí ilé wọn wọmi kí iná náà tó tàn. Èyí tó kẹ́yìn yìí ló ká mi lára jù, torí pé nínú ìdánwò, iye mẹ́gáwáàtì ni wọ́n máa ń bi wá. Wọn kì í bi wá pé ta ló kó ẹrù.

1. Ọ̀rọ̀ náà fúnra rẹ̀

Ká bẹ̀rẹ̀ látorí èdè, torí Ẹgbẹ́ Yorùbá ni wá. Lẹ́nu àwọn èèyàn wa, "dáàmù" ni. Bí o bá sọ "dáàmù" ní Ìlọrin tàbí ní Ìbàdàn, kò sẹ́ni tí kò ní mọ ohun tí ò ń wí. Nínú ìwé, a máa ń rí "ìsédò". Ọ̀rọ̀ yìí ò le rárá. Kéèyàn sé omi ni pé kó dí ọ̀nà tó ń gbà ṣàn. Sé odò, ìsédò. Àwọn ọmọdé tó máa ń fi amọ̀ dí ojú àgbàrá nígbà òjò, ìsédò kékeré ni wọ́n ń ṣe yẹn. Àwọn àgbà wa náà máa ń sé odò kékeré nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, wọ́n á gbọ́n omi rẹ̀ dànù, wọ́n á sì kó ẹja inú rẹ̀.

Omi tó kóra jọ sẹ́yìn ìsédò là ń pè ní adágún. Iná tó ń tibẹ̀ wá ni iná mọ̀nàmọ́ná. Mọ̀nàmọ́ná gan-an ni ìmọ́lẹ̀ tó máa ń kọ lójú ọ̀run kí ààrá tó sán. Àwọn tó kọ́kọ́ fún iná yìí lórúkọ ní èdè wa wo ojú ọ̀run dáadáa, torí ohun kan náà ni méjèèjì lóòótọ́.

2. Báwo ni omi ṣe ń di iná?

Ẹ wo garawa omi lítà 10 kan. Ìwọ̀n rẹ̀ jẹ́ kìlógíráàmù 10. Bí o bá gbé e gun òkè ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kan tó ga tó mítà 10, wàá máa mí hẹlẹhẹlẹ kó o tó débẹ̀. Agbára tí o fi gbé e gòkè kò ṣòfò. Ó wà níbẹ̀ pẹ̀lú omi yẹn. Bí o bá da omi náà sílẹ̀ láti òkè, agbára yẹn á jáde nígbà tó bá ń já bọ́.

Ẹ jẹ́ ká ṣe ìṣirò. Ká ní a dúró lókè yẹn, tí à ń da garawa kan sílẹ̀ ní ìṣẹ́jú àáyá kọ̀ọ̀kan láì sinmi, agbára tó wà nínú omi tó ń já bọ́ yẹn jẹ́ wáàtì 981. Ṣé ó pọ̀? Áyọ́ọ̀nù kan ṣoṣo tó ń lo wáàtì 1,000, kò ní tó o! Gbogbo làálàá yẹn, a ò tíì lè fi lọ ṣẹ́ẹ̀tì kan.

Ọ̀nà méjì ló wà tí a fi lè rí agbára púpọ̀ sí i. Kí omi náà pọ̀, tàbí kí ó ti ibi tó ga já bọ́. Ìsédò ńlá ń ṣe méjèèjì pọ̀. Ó dí odò, omi á máa ga sókè lẹ́yìn rẹ̀, ó sì ń tọ́jú omi ìgbà òjò pa mọ́ de ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn.

Láti inú adágún, omi á gba inú páìpù ńlá kan sọ̀ kalẹ̀ pẹ̀lú agídí. Nísàlẹ̀, á bá ẹ̀rọ kan tó ní abẹ bíi ti fáànù. Ẹ̀rọ yìí ni wọ́n ń pè ní tọ́báìnì. Omi á máa yí i. Ọ̀pá irin tó wà lára tọ́báìnì á máa yí irin òòfà ńlá láàárín wáyà bàbà. Ní ọdún 1831, Michael Faraday ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fi hàn pé bí òòfà bá ń kọjá lára wáyà lemọ́lemọ́, iná á máa ṣàn nínú wáyà náà. Àṣírí rẹ̀ ò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Fáànù inú họ́sítẹ́lì wa ń gba iná kó lè yí. Ti inú ìsédò, yíyí ni wọ́n ń yí i kó lè fún wa ní iná.

Lẹ́yìn èyí, taransifọ́mà á sọ iná náà di alágbára gidi, tó 330,000 fóltì, kó má baà ṣòfò púpọ̀ lójú ọ̀nà. Bẹ́ẹ̀ ló ṣe ń gba orí àwọn òpó irin gíga-gíga lọ sí ìlú tó jìnnà. Láti Shiroro, wáyà kan bẹ́ẹ̀ wá sí Mando ní Kaduna. Wọ́n á dín agbára rẹ̀ kù sí 132,000 fóltì láti Kaduna wá sí Zaria, wọ́n á sì tún máa dín in kù títí á fi dé ara gílóòbù orí bẹ́ẹ̀dì wa.

Omi náà ńkọ́? Omi ò jóná, kò tán. Ó jáde lábẹ́ tọ́báìnì, ó sì ń bá tirẹ̀ lọ. Ìdí nìyẹn tí omi kan náà fi ń ṣiṣẹ́ lẹ́ẹ̀mejì lórí odò Niger. Ó kọ́kọ́ ṣiṣẹ́ ní Kainji, ó tún lọ ṣiṣẹ́ ní ìsédò Jebba tó wà nísàlẹ̀ odò, èyí tí wọ́n ṣí ní ọdún 1985. Àwa tí òbí wa ń gba Jebba kọjá bí a bá ń ti Ìlọrin bọ̀ wá sí Zaria, omi tí à ń wò látorí afárá yẹn, òṣìṣẹ́ tó ti iṣẹ́ dé ni.

3. Bí Kainji ṣe dé

Ní ọdún 1962, ìjọba dá iléeṣẹ́ kan sílẹ̀ tí wọ́n pè ní Niger Dams Authority. Ní 1964, iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ ní Kainji. Iléeṣẹ́ Impregilo láti ilẹ̀ Ítálì ló kọ́ ọ. Ní 1968, wọ́n parí rẹ̀. Ní oṣù Kejì ọdún 1969, Ọ̀gágun Yakubu Gowon ṣí i ní gbangba. Ẹ rántí pé ogun abẹ́lé ṣì ń jà nígbà yẹn. Wọ́n fojú bu owó tó ná wọn sí mílíọ̀nù 209 dọ́là ilẹ̀ Amẹ́ríkà, ìdá kan nínú mẹ́rin owó náà ni wọ́n sì ná sórí kíkó àwọn èèyàn kúrò níbi tí omi máa bò.

Ilẹ̀ Borgu ni Kainji wà, ní Ìpínlẹ̀ Niger. Ìpínlẹ̀ Kwara ni Borgu wà tẹ́lẹ̀, kí wọ́n tó gbé e kúrò níbẹ̀ ní 1991. Àwọn ará Borgu kì í ṣe àjèjì sí ìtàn wa. Àwọn ni ìtàn Ọ̀yọ́ máa ń pè ní Bàrìbá.

Bí a bá ka ògiri alámọ̀ àti olókùúta tó tẹ̀ lé ògiri kọnkéré mọ́ ọn, gígùn ìsédò yìí tó nǹkan bíi kìlómítà 10. Adágún ẹ̀yìn rẹ̀ gùn tó kìlómítà 135, ibi tó sì fẹ̀ jù nínú rẹ̀ tó kìlómítà 30. Ìyẹn ni pé ó gùn ju ọ̀nà Zaria sí Kaduna lọ dáadáa.

Tọ́báìnì 12 ni wọ́n pète, 8 ni wọ́n rí gbé síbẹ̀. Mẹ́rin àkọ́kọ́ jẹ́ mẹ́gáwáàtì 80 lọ́kọ̀ọ̀kan. Láàárín 1976 sí 1978, wọ́n fi mẹ́rin kún un: méjì jẹ́ mẹ́gáwáàtì 100 lọ́kọ̀ọ̀kan, méjì tó kù jẹ́ 120. Ẹ ro ó pọ̀: 320, àti 200, àti 240. Ó jẹ́ 760. Mẹ́gáwáàtì kan jẹ́ mílíọ̀nù kan wáàtì, nítorí náà bí gbogbo ẹ̀rọ bá ń ṣiṣẹ́ tí omi sì pé, Kainji lè gbé áyọ́ọ̀nù 760,000 lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹ wá rántí garawa wa tí kò tó ẹyọ kan!

Ní 1972, wọ́n da Niger Dams Authority pọ̀ mọ́ ECN, iléeṣẹ́ iná ìgbà yẹn, ó sì di NEPA. NEPA parí ní 2005. Ṣùgbọ́n ẹ lọ dúró sí ìta họ́sítẹ́lì nígbà tí iná bá dé, kí lẹ máa gbọ́? "Up NEPA!" Orúkọ náà ti kú lọ́fíìsì, kò tíì kú lẹ́nu wa.

4. Omi funfun, omi dúdú

Èyí ló yà mí lẹ́nu jù nínú gbogbo ohun tí mo kà. Ẹ̀ẹ̀mejì lọ́dún ni odò Niger máa ń kún ní Kainji, bẹ́ẹ̀ ìgbà òjò kan ṣoṣo ni apá Àríwá ní.

Àkọ́kọ́ ni omi funfun. Òjò tó ń rọ̀ nítòsí, ní agbègbè Sokoto àti Kebbi, ló ń mú un wá láàárín oṣù Kẹjọ sí oṣù Kẹwàá. Ó kún fún erùpẹ̀, ìdí nìyẹn tí àwọ̀ rẹ̀ fi dà bí omi ẹ̀kọ.

Èkejì ni omi dúdú. Orí òkè ilẹ̀ Guinea ló ti ń bọ̀. Ó gba Mali kọjá, ó tẹ́ rẹrẹ sínú àbàtà ńlá kan níbẹ̀, ó ń rìn jẹ́jẹ́ títí gbogbo erùpẹ̀ inú rẹ̀ á fi rọlẹ̀. Ó kọjá ní Timbuktu, ó kọjá ní Niamey. Nígbà tó bá fi máa dé Nàìjíríà, oṣù Kọkànlá ti wọlé, òjò ti dá níbi. Ó mọ́ lóló, a sì ń pè é ní dúdú torí kò ní erùpẹ̀ tó máa mú un funfun. Òun ló ń bá Kainji la ọyẹ́ já.

Ẹ ò rí i pé iná wa kan àwọn ará ibòmíràn? Láti ìgbà pípẹ́ ni Nàìjíríà ti ń ta iná fún orílẹ̀-èdè Niger. Ní 2023, lẹ́yìn tí àwọn ológun gbàjọba níbẹ̀, Nàìjíríà gé iná náà. Àwọn náà sì ń kọ́ ìsédò tiwọn ní Kandadji, lápá òkè odò kan náà. Ẹni tó wà lókè odò lè sé omi, ẹni tó wà nísàlẹ̀ lè sé iná. Àfi kí wọ́n máa bá ara wọn sọ̀rọ̀.

5. Ọya àti Ṣàngó

Àwa Yorùbá ní orúkọ tiwa fún odò Niger. Odò Ọya ni. Àwọn Hausa tí a jọ ń gbé níbí ń pè é ní Kwara, ibẹ̀ sì ni Ìpínlẹ̀ Kwara ti rí orúkọ. Nínú ìtàn àwọn òrìṣà wa, ìyàwó Ṣàngó ni Ọya. Ọkọ ló ni ààrá, ìyàwó ló ni ìjì àti odò ńlá yìí.

Ní 1964, ọdún kan náà tí iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ ní Kainji, wọ́n gbé ère Ṣàngó tí Ben Enwonwu ṣe sí iwájú iléeṣẹ́ ECN ní Marina, l'Ékòó. Ọmọ Igbo ni Enwonwu, síbẹ̀ ó mọ ẹni tó yẹ kó dúró níwájú ilé iná. Àwọn olùkọ́ wa máa ń sọ pé àṣà Yorùbá kì í ṣe ohun àná nìkan. Èmi wò ó báyìí pé ọkọ wà ní Marina, gbogbo ayé ń wò ó, ìyàwó wà ní Borgu, òun ló ń ṣe iṣẹ́ inú ilé. Ẹ̀yin obìnrin ẹgbẹ́ wa, mo mọ̀ pé ẹ máa ní ohun tí ẹ fẹ́ sọ sí èyí!

6. Àwọn tí ilé wọn wọmi

Ọ̀rọ̀ wá dé ibi tó ká mi lára. Kí adágún kìlómítà 135 tó wà, nǹkan kan ti wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ìlú wà níbẹ̀, oko wà níbẹ̀, ojú oórì àwọn bàbá ńlá wà níbẹ̀.

Bussa wà níbẹ̀. Ìlú ọba àtijọ́ ni, ọ̀kan lára àwọn olórí ìlú ilẹ̀ Borgu. Lójú omi Bussa, níbi tí odò ti ń já lórí àpáta, ni Mungo Park, ọmọ ilẹ̀ Scotland tó ń wá ibi tí odò Niger ń ṣàn lọ, ti kú ní 1806. Àpáta náà àti ìlú náà, abẹ́ omi ni wọ́n wà báyìí. Erékùṣù Foge, tí àwọn àgbẹ̀ ti ń dáko lórí ilẹ̀ ọlọ́ràá, òun náà wọmi. Omi gba ilẹ̀ lọ́wọ́ Yelwa pẹ̀lú.

Nǹkan bí 44,000 èèyàn ni wọ́n kó kúrò. Wọ́n kọ́ ìlú mìíràn fún àwọn ará Bussa, wọ́n pè é ní New Bussa, ibẹ̀ sì ni ààfin ọba Borgu wà títí dòní. Ìjọba kọ́ ilé o, wọn ò lé wọn jáde lásán. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká ro ó bí Yorùbá. Tí wọ́n bá sọ fún bàbá àgbà yín ní Ògbómọ̀ṣọ́ tàbí ní Ọ̀fà pé kó jáde nínú agboolé tí wọ́n ti rì í ní ibi ọmọ, pé omi máa bò ó, ilé wo ni wọ́n lè kọ́ tó máa dípò rẹ̀? A lè ka yàrá, a lè fi owó rọ́pò rẹ̀. Ojú oórì kò ní iye.

Ohun kan náà ló ṣẹlẹ̀ ní Tehri tí a kà nípa rẹ̀ ní kíláàsì. Ìlú Tehri àtijọ́ wà lábẹ́ omi báyìí. Wọ́n kọ́ New Tehri sórí òkè. Ẹ wo bí orúkọ méjèèjì ṣe jọra: New Bussa, New Tehri. Nínú ilẹ̀ méjì tó jìnnà sí ara wọn bẹ́ẹ̀, orúkọ nìkan ni wọ́n rí gbé kúrò ní odidi.

Àwọn tó wà nísàlẹ̀ ìsédò náà ò gbẹ́yìn. Tẹ́lẹ̀, odò máa ń kún lọ́dọọdún, á bo àkùrọ̀ tí àwọn ará ibí ń pè ní fadama, á fi ilẹ̀ ọlọ́ràá sílẹ̀ fún àwọn àgbẹ̀ Nupe. Nígbà tí wọ́n sé odò, ìkún omi yẹn dín kù. Lọ́wọ́ kejì, bí òjò bá pọ̀ jù tí adágún kún, dandan ni kí wọ́n tú omi sílẹ̀ kí ìsédò má baà wó. Nígbà náà, omíyalé dé. Ní 2012, odò Niger àti Benue kún bo ọ̀pọ̀ ìlú àti oko ní orílẹ̀-èdè yìí. Àgbẹ̀ tó ń wá omi tẹ́lẹ̀ kò rí i, ìgbà tí kò wá a ló dé bá a nínú yàrá.

Ṣé ẹnikẹ́ni rántí wọn? Ní 2010, òfin kan jáde tó dá ìgbìmọ̀ HYPPADEC sílẹ̀ láti mójú tó ìdàgbàsókè àwọn àgbègbè tí iná omi ti ń wá. Ẹ ṣe ìṣirò náà: láti 1968 sí 2010, ọdún 42. Òfin sì jáde tán, 2020 ni ìjọba ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé ìgbìmọ̀ náà kalẹ̀. Ọmọ tí wọ́n gbé pọ̀n kúrò ní Bussa àtijọ́ ti di bàbá àgbà kí ọ̀rọ̀ yẹn tó dé orí tábìlì.

7. Kí ló kan Muchia?

Ẹnì kan lè sọ pé, "Gbogbo èyí, ọ̀rọ̀ Borgu ni. Muchia là ń gbé." Ẹ jẹ́ ká tẹ̀ lé omi lọ.

Òjò tó ń rọ̀ sórí Zaria, odò Galma ló ń gba ọ̀pọ̀ rẹ̀. Galma ń ṣàn lọ bọ́ sínú odò Kaduna. Odò Kaduna ń lọ sí Shiroro, níbi tí wọ́n ti sé e. Wọ́n ṣí ìsédò Shiroro ní 1990, mẹ́gáwáàtì 600 ló lè mú wá. Bí omi bá jáde níbẹ̀, ó tún bá ìsédò Zungeru tó lè mú mẹ́gáwáàtì 700 wá. Lẹ́yìn náà ló wá bọ́ sínú Odò Ọya. Iná láti Shiroro ló sì tún ń gba orí wáyà padà wá sí Kaduna àti Zaria.

Ṣé ẹ rí i? Òjò tó rọ̀ sórí páànù họ́sítẹ́lì wa lè gba gọ́tà Muchia lọ, kó yí tọ́báìnì ní Shiroro, kó sì padà wá bí iná. Ohun tí a bá sì dà sínú gọ́tà náà lè bá a lọ. Ọ̀rá píọ̀ wọ́tà tí à ń jù sílẹ̀ lẹ́yìn kíláàsì, bí òjò bá gbé e, apá ibẹ̀ ló ń forí lé. Erùpẹ̀ tó ń ṣí kúrò lórí ilẹ̀ tí kò ní koríko ń lọ rọlẹ̀ sí ìsàlẹ̀ adágún, ó ń gba àyè omi díẹ̀díẹ̀. Ẹni tó ń kígbe "Up NEPA!" lálẹ́, tó sì ń ju ọ̀rá sínú gọ́tà lọ́sàn-án, ó ń fi ọwọ́ ọ̀tún gbé, ó ń fi ọwọ́ òsì tú.

Mo gbọ́dọ̀ sọ èyí náà kó má baà dà bíi pé ìsédò nìkan ló ń tan iná. Gáàsì ló ń mú èyí tó pọ̀ jù nínú iná Nàìjíríà wá. Omi àti gáàsì, orí wáyà kan náà ni gbogbo rẹ̀ ń bọ́ sí, bí omi odò púpọ̀ nínú ìkòkò kan. Bí wáyà bá sì já, kò sí ohun tí adágún lè ṣe. Ní oṣù Kẹwàá ọdún 2024, ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀ Àríwá wà nínú òkùnkùn fún ọjọ́ púpọ̀ nítorí wáyà ńlá tó ń gbé iná wá sí Àríwá tí ó bà jẹ́.

8. Ohun tí mo rí kọ́

Èmi ò sọ pé kí wọ́n má kọ́ ìsédò. Iná ni mo fi ka gbogbo ohun tí mo kọ sílẹ̀ yìí. Iná tó ń tinú omi wá kì í rú èéfín, omi rẹ̀ kì í sì í tán lẹ́yìn iṣẹ́. Adágún Kainji fún ọ̀pọ̀ apẹja ní iṣẹ́ pẹ̀lú. Ohun tí mò ń sọ ni pé èèyàn 44,000 ló san owó iná wa kí a tó bí wa, àwọn ló sì yẹ kó kọ́kọ́ jẹ nínú èrè rẹ̀, kì í ṣe lẹ́yìn ọdún 42. Bí ìjọba bá tún fẹ́ sé odò mìíràn lọ́la, tí ọ̀kan nínú wa sì ti di ẹnjiníà tàbí lọ́yà lórí iṣẹ́ náà, kó kọ́kọ́ béèrè pé: ta ló wà níbẹ̀, kí ni wọ́n sì sọ? Kó béèrè kí omi tó dé ẹnu ọ̀nà wọn.

Àwọn àgbà ní odò tó bá gbàgbé orísun rẹ̀, gbígbẹ ló máa gbẹ. Iná náà ní orísun.

Iṣẹ́ ṣíṣe fún ìpàdé tó ń bọ̀

1. Sọ ìyàtọ̀ tó wà láàárín omi funfun àti omi dúdú ní Kainji. Èwo nínú wọn ló ń wúlò nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, kí sì nìdí?

2. Bí a bá ń da garawa lítà 10 sílẹ̀ láti gíga mítà 60 ní ìṣẹ́jú àáyá kọ̀ọ̀kan, wáàtì mélòó ló wà níbẹ̀? (Ẹ lo 981 fún mítà 10.)

3. Ya àwòrán ọ̀nà tí omi òjò Zaria ń gbà dé Odò Ọya. Kọ orúkọ odò àti ìsédò kọ̀ọ̀kan sí i.

4. Fún àríyànjiyàn: "Owó tó pọ̀ tó lè rọ́pò ìlú tó wọmi." Kíláàsì SS1 á gbè é lẹ́yìn, SS2 á takò ó. Yorùbá pọ́ńbélé ni o, ẹni tó bá da Gẹ̀ẹ́sì pọ̀ mọ́ ọn, máàkì rẹ̀ á dín kù!

5. Bi ẹnì kan tó dàgbà nílé yín nígbà ìsinmi: ọdún wo ni iná kọ́kọ́ dé ìlú yín, kí sì ni àwọn èèyàn ṣe lọ́jọ́ náà? Kọ ìdáhùn rẹ̀ wá. A máa tẹ èyí tó bá dùn jù sínú ìwé ìròyìn wa tó ń bọ̀.

Ire o.